Eyín Tí Orogún Méjì Jọ Ń Lò

Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà gbọ́. Ẹni tó bá ní ẹran lẹ́nu, kó yáa jẹ ẹ́ kúnná kó gbé e mì, nítorí ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹran há ẹnikẹ́ni lọ́fun nígbà tí ẹ̀rín bá dé. Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀ o. Èmi tó ṣojú mi, mo ti bẹ̀rù, mo ti rẹ́rìn-ín, mo ti sá jáde nínú ilé bàbá mi pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ku tiyín.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá wa. Láti Èkìtì ló ti wá ṣiṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó kọ́lé sí Bódìjà, kò sì padà sílé mọ́ àyàfi tó bá di ọdún Kérésì. Ìyàwó méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ni Ìyá Àgbà, tí wọ́n jọ ti Èkìtì wá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ńbélé. Ìkejì ni ìyá tó bí mi, ọmọ Ìbàdàn, Mùsùlùmí, tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ nígbà tí Bàbá lọ ra aṣọ ṣòkòtò tó sì gbàgbé láti mú ṣòkòtò bọ̀. Bàbá kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ó ń jẹ ẹran iléyá, ó ń jẹ ìrẹsì Kérésì, ó ní Ọlọ́run tó fún òun ní ikùn kò sọ pé kí òun dá oúnjẹ kankan dúró síta.

Bàbá lọ sí àjùlé ọ̀run, àwọn ọmọ fọ́n ká. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí ọkọ mi náà sì ti kú, mo padà sí Bódìjà láti tọ́jú àwọn ìyá méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ń gbé ní Àpáta ní tirẹ̀, ó sì máa ń wá wò wá. Ṣé ẹ mọ orogún tó jọ darúgbó? Ìjà owú ti tán, ìjà fáànù ló kù. Ọ̀kan fẹ́ kí ó yí, èkejì ní òtútù ń mú òun. Wọ́n pín àdògán, wọ́n pín ìkòkò, kódà wọ́n pín okùn tí a ń sá aṣọ sí. Bí aṣọ Ìyá Àgbà bá ré kọjá ìdajì okùn, ìyá mi á fi igi tì í padà sí ààlà rẹ̀.

Eyín Ìyá Àgbà kọ́kọ́ ká. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan ní Jẹ́ríkò, wọ́n sì ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, tòkè tìsàlẹ̀. Èèyàn mi, ẹ ò tíì rí ẹ̀rín! Obìnrin tó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí àwọn tí kò mọ̀ rí. Ó fi eyín náà fọ́ egungun adìẹ lọ́dún Kérésì, eyín kan sì ya díẹ̀ létí níwájú lókè, kò bìkítà. Eyín ìyá mi náà ti ká nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ṣe fújà. Ó ní, "Èmi? Kí n máa fi ike jẹ ẹran? Láéláé."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Àgbà wà ní balùwẹ̀, eyín sì wà nínú ife lójú fèrèsé. Mo wọ yàrá, mo bá ìyá mi níwájú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ bí ọmọge. Kí n tó lanu sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà ti yọ, pẹ̀lú tówẹ̀lì láyà.

"Ìyàwó, kí lo kó sẹ́nu?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyáàlé mi, mo kàn ní kí n mọ bó ṣe ń ṣe ni."

Ìyá Àgbà wò ó títí. Omi ń kán tó, tó, sílẹ̀. "Rẹ́rìn-ín kí n rí i."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín.

"Yà sí apá ọ̀tún."

Ó yà.

"Háà!" Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́, tówẹ̀lì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Ẹ wá wo ọkọ wa! Ẹnu kan náà ló fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé bí dókítà Jẹ́ríkò bá gbọ́, yóò ní kò ṣeé ṣe, pé ẹnu oníkálukú ni wọ́n fi ń wọn eyín. Òótọ́ rẹ̀ ni. Kó wá sí Bódìjà wá wò ó.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn tí kò lè jọ lo àdògán. Jímọ̀ jẹ́ ti ìyá mi, nítorí mọ́ṣáláṣí. Sọ́ńdè jẹ́ ti Ìyá Àgbà, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni tí ẹran bá wà nínú àwo rẹ̀ ló ni eyín. Èmi nìkan ló mọ̀, èmi tí mo ń bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ń fi iyọ̀ sí i, á fọ eyín náà dáadáa, á sì gbé ife náà fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún àlejò.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó níwájú ilé, Ìyá Àgbà sọ fún ìyá mi létí mi pé, "Ìyàwó, bí mo bá kọ́kọ́ lọ, mú eyín yìí. Má jẹ́ kí wọ́n fi ṣòfò. Ilẹ̀ ò nílò eyín kó tó jẹ èèyàn." Ìyá mi ṣe àmín, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwa ò mọ̀ ni pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún ẹ̀gbọ́n mi ní Àpáta: "Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ́ mi nítẹ̀ẹ́yẹ pẹ̀lú ẹnu tó rọ̀ bí àpò òfìfo. Ẹ fi eyín mi sí mi lẹ́nu. Bí ẹ ò bá ṣe é, mo máa padà wá mú un." Ẹ̀gbọ́n mi sì búra fún un. Bí Ìyá Àgbà ṣe rí nìyẹn, kálukú ló ń fún ní ohun tó fẹ́ gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló kú. Ó mu ẹ̀kọ, ó sùn sórí àga rẹ̀ níwájú fáànù, kò sì jí. Mo fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ó sáré dé, ọkọ̀ mọ́ṣúárì náà sì dé. Wọ́n ti ń gbé òkú jáde kí ìyá mi tó ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ẹnu géètì ló ti pàdé ọkọ̀. Ó rí ojú mi, ó mọ̀. Ó fa ìborùn bo ẹnu, ó sì dúró bí òpó. Gbogbo àdúgbò ń sọ pé, "Ẹ wo bí ìbànújẹ́ ṣe mú ìyàwó rẹ̀." Ìbànújẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eyín òkú wà lẹ́nu rẹ̀, òkú sì ti ń lọ.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Àbúrò, níbo ni eyín Màmá wà?"

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wo àjà.

"A ó wá a, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ wá a o. Mo ti búra. Màmá ò ní wọ ilẹ̀ láìní eyín." Ibẹ̀ ló ti wá sọ ìbúra tó ṣe fún Ìyá Àgbà fún wa.

Nígbà tí ó lọ tán, ìyá mi fà mí wọ yàrá. "Ṣé o gbọ́? Ó ní kí èmi mú un, ó tún ní kí ọmọ rẹ̀ fi sin òun. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kí n lọ bá ọmọ ìyáàlé mi, kí n ní, eyín ìyá rẹ rèé, inú ẹnu mi ni? Èmi Àlájà?" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Láìsí i, ẹ̀kọ ni mo máa máa mu títí màá fi kú. Mi ò sì ní lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ta ló tiẹ̀ kù tí mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí?"

Mo ní ká fara balẹ̀. Ìsìnkú ṣì kù bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ wá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rù. Mo ń din ẹran ní kíṣíìnì lọ́sàn-án kan, mo gbọ́ *kẹ́kẹ́kẹ́*. Mo rò pé aláǹgbá ni. Mo pa iná, ó dákẹ́. Mo tan iná, ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, *kẹ́kẹ́kẹ́*. Mo tẹ̀ lé ìró náà dé yàrá, mo dé ojú fèrèsé. Inú ife ni. Omi inú rẹ̀ ń mì. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń mi ògiri. Mo wo ìta. Iná wà lọ́jọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi fi eyín sẹ́nu láti jẹun àárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn wẹ́lẹ́ kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Àlájà! Orin tí Ìyá Àgbà máa ń kọ bó bá ń gbálẹ̀. Mo ní, "Màámi, kí lẹ̀ ń kọ?" Ó ní, "Mi ò kọ nǹkan kan." Ó sì bu ẹ̀wà sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀. Ó wò ó tẹ̀gàn-tẹ̀gàn, ó sì kígbe, "Uṣu!"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyá mi. Iṣu ló ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìyá Àgbà nìkan ló ń pè é ní uṣu nínú ilé wa, títí ìyá mi fi máa ń sín in jẹ. Ìyá mi ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó yọ eyín jáde, ó gbé e sórí tábìlì, a sì jọ ń wò ó. Eyín náà ń wò wá.

"Ọmọ mi," ni ìyá mi sọ, pẹ̀lú ẹnu òfìfo, "ìyáàlé mi wà nínú nǹkan yìí."

"Ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́ nìyẹn."

"Kí n fi kí ni jẹ iṣu?"

Mo gún iyán fún un lọ́jọ́ náà. Kí ni kí n ṣe?

Ó wá di ìgbà tí a fẹ́ tẹ àwòrán ìsìnkú. Mo gba kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbowó, sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Àwòrán tí ẹ̀gbọ́n mi mú ni èyí tí Ìyá Àgbà ti rẹ́rìn-ín gbàgàdà, tí eyín tó ya létí náà hàn. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú rẹ̀.

"Mama fine o," ó ní. "Màmá, this teeth, na original?"

"Ọmọ mi, tẹ ìwé rẹ."

Ó tẹ̀ ẹ́ tóbi bí ilẹ̀kùn. Mo gbé e wálé, ẹ̀gbọ́n mi gbé e kọ́ sí pálọ̀, ó sì dúró níwájú rẹ̀. "Ẹ wò ó. Báwo la ṣe fẹ́ gbé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín báyìí kọ́ sára ògiri, ká wá tẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti wọlé lọ sísàlẹ̀ rẹ̀?" Omi lé sí i lójú. Mo wo ìyá mi. Ó ti dìde lọ.

Ọjọ́ ìsìnkú dé, wọ́n tẹ́ Ìyá Àgbà nítẹ̀ẹ́yẹ ní pálọ̀ wa ní àárọ̀. Wọ́n kun ojú rẹ̀ dáadáa, wọ́n wé gèlè fún un, ṣùgbọ́n ẹnu náà rọ̀ lóòótọ́ bí àpò òfìfo. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sunkún, tó ń wo ẹnu, tó ń wo àwòrán, tó tún ń wo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi ti tú yàrá Ìyá Àgbà wò débi tó fi tú fóòmù. Ó dìde láàárín pálọ̀, ó gbé ọwọ́ sórí pósí.

"Wọn ò ní gbé e jáde," ó ní. "Eyín Màmá kò tíì dé. Mi ò mọ ẹni tó gbé e, ṣùgbọ́n títí ó fi máa dé, ibí la wà."

Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní, "Sístà, ẹ ní sùúrù, a ò nílò eyín lọ́run."

"Ta ló sọ fún yín? Ṣé ẹ ti dé bẹ̀?"

Ìyá mi jókòó sórí àga lẹ́bàá pósí, ó pa ẹnu dé gbọin-gbọin. Láti àárọ̀ ni kò ti dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni, orí ló ń mì. Èmi mọ ìdí rẹ̀. Ó ti fi eyín náà sẹ́nu láti gbé e kọjá láàárín èrò, pé nígbà tí òun bá dá wà pẹ̀lú ìyáàlé òun fún ìdágbére, òun á mọ èyí tí òun á ṣe. Kò sí ẹni tó jẹ́ kó dá wà.

Wòlíì tún ní, "Ó dára. Ẹ jẹ́ ká kọrin, ká fi wá ojú rere."

Àwọn akọrin gbé e. Orin yẹn gan-an ni, èyí tí Ìyá Àgbà fi ń gbálẹ̀. Mo rí i tí ọ̀fun ìyá mi ń lọ sókè sódò. Mo ní lọ́kàn mi, ó parí. Ó la ẹnu, ohùn sì jáde, kì í ṣe ohùn rẹ̀: ohùn Ìyá Àgbà ló ń gbe orin náà, ó ga ju ti akọrin lọ, ó sì ń ṣe àṣìṣe níbi tí Ìyá Àgbà máa ń ti ṣe àṣìṣe. Àwọn akọrin dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn òkú nìkan ló kù, láti ẹ̀gbẹ́ òkú. Bó ṣe parí orin, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ìyá Àgbà ni, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì ń gun òkè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn.

Èèyàn mi, ṣé ẹ ti rí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kan jáde? Wòlíì ló ṣáájú. Ẹni tó ń ya fídíò ju ẹ̀rọ rẹ̀ sí orí kúṣìn, ó gba ojú fèrèsé. Èmi náà sá, mi ò purọ́. Mo dé ibi ìgbọ́kọ̀sí kí n tó rí i pé bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ojú tì mí. Ìyá mi ló wà nínú ilé. Mo padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sá. Ó dúró sí ibi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí pósí.

"Màmá?" ó ní, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo ìyá mi. "Ìyá Kékeré, ẹ la ẹnu."

Ìyá mi la ẹnu. Eyín tó ya létí wà níwájú lókè.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni, mo fẹ́ lọ dì í mú. Ẹ̀rín ni.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́," ni ìyá mi sọ.

"Màmá mọ̀?"

"Òun ló ń fi iyọ̀ sí omi."

Ẹ̀gbọ́n mi tún bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó yọ eyín náà, tòkè tìsàlẹ̀, ó sì nà án sí i. "Ọmọ mi, gbà. Ó ní kí n mú un, mo mú un. Ṣùgbọ́n ìwọ lo búra. Fi sí i lẹ́nu. Mo ti jẹ ẹran tó."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù gidi bà mí. Bó ṣe yọ eyín náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ètè rẹ̀ rọ̀. Mo wo ẹnu inú pósí, mo wo ẹnu orí àga. Ẹnu kan náà ni. Ó dà bí ẹni pé a tẹ́ ìyá méjì nítẹ̀ẹ́yẹ lọ́jọ́ kan, tí ọ̀kan ṣì ń mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi náà rí i, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ gé.

Ó ní kí n bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Mo bù ú. Ó fi iyọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú ti ń yọjú láti ojú fèrèsé. A pè é wọlé, ó fi eyín òkè sí Ìyá Àgbà lẹ́nu bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ètè sì gbéra díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín yọ. Ìyá wa nìyẹn! Ọkùnrin náà na ọwọ́ fún tìsàlẹ̀.

"Dúró," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ó wo àwòrán ara ògiri. "Ta ló ń fi eyín ìsàlẹ̀ rẹ́rìn-ín?"

A wò ó. Lóòótọ́, tòkè nìkan ló hàn.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, ó gbé eyín ìsàlẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́. "Màmá ṣèlérí fún mi, ó ṣèlérí fún yín. Kò purọ́ fún ẹnì kankan. Ẹ wọ̀ ọ́."

Ìyá mi wọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ló tó sunkún, ẹkún gidi, ẹkún orogún tó ti fẹ́ràn orogún rẹ̀ tí kò sì ní ẹni tí yóò sọ fún.

A wá ní kí àwọn èèyàn padà wọlé. Wọ́n ń rọra wọlé, Wòlíì lẹ́yìn pátápátá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n ń sá lọ, òkú pa ẹnu dé. Wọ́n padà dé, òkú ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni aṣáájú akọrin. Kò pariwo. Ó kàn yí padà, ó sì ń lọ, gbogbo èrò sì tún tẹ̀ lé e. Ẹnu géètì la ti lọ bẹ̀ wọ́n.

A sin Ìyá Àgbà tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, bí ogún ṣe lọ rèé. Ìyá Àgbà jogún eyín òkè, ó gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jogún àga tó wà níwájú fáànù, ó sì gbé ìyá mi lọ sí Jẹ́ríkò láti ṣe eyín òkè tuntun. Dókítà wo tìsàlẹ̀ títí, ó ní kò ṣeé ṣe. A ní a mọ̀. Ìyá mi jogún orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó ń kọ ọ́ títí ó fi kú. Ọjọ́ tó kú gan-an la sin ín, gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ eyín ìsàlẹ̀ náà, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́. Wòlíì jogún ìtàn tí kì í sọ. Bàtà mi kejì, mi ò mọ ẹni tó jogún rẹ̀.

Èmi ni mo jogún ife. Ojú fèrèsé ló wà, eyín ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Tèmi náà ti ń ká báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fóònù láti Àpáta ní Sọ́ńdè, á bi mí pé, "Ṣé o ti fi iyọ̀ sí i?" Mo ní mo ti fi sí i. Á ní, "Ṣé o ti wọ̀ ọ́ wò?" Mo ní rárá.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu. Ẹnu ìyá mi ni Bàbá fẹ́, ẹnu náà ni mo gbé wáyé. Mo yáa yọ ọ́ kíá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó ń wù mí jẹ bí uṣu.